Reflection àbí Solitude? Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn pickup yín ná

Láti ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wa ní Texas níbí ti gbọ́ pé inú fifth-wheel, ilé orí táyà tí pickup ń fà, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, tí a fi ń tẹ̀lé iṣẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí. Wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bi mí níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n tún pè mí láago mọ́kànlá alẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, Reflection ni kí n rà ni àbí Solitude?" Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n sinmi.

Fifth-wheel ni àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá sì ni wọ́n. Grand Design ló ń kàn wọ́n ní Middlebury, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ọdún 2012 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, Winnebago sì rà á lọ́dún 2016. Agbègbè Elkhart tí Middlebury wà yẹn ni wọ́n ti ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú irú ilé orí táyà báyìí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Iye yàrá, bí tẹlifíṣọ̀n ṣe tóbi tó, àwọ̀ àga, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé ìpolówó, mi ò ní dà á kọ fún yín.

Kí ẹ mọ ibi tí mo dúró sí kí n tó máa sọ̀rọ̀: Reflection 150 Series ni tèmi, ọdún kẹrin rèé. Solitude, n kò rà á rí. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú ló ní ká wá máa bá òun sun inú tòun lẹ́bàá Katy, a sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá níbẹ̀. Nígbà tó dé, mo jókòó tì í níwájú ọkọ̀ nígbà tó ń fà á lọ sí San Antonio. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó jẹ owó mi

Fifth-wheel kì í ṣe trailer tí èèyàn ń so mọ́ ìdí mọ́tò. Imú rẹ̀ ga, ó gùn, orí ẹ̀yìn pickup ló sì ń gbé e lé, lókè táyà ẹ̀yìn gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá kó ẹrù sínú ilé náà tán, tí ẹ wọn gbogbo rẹ̀, bíi 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo yẹn ni pickup máa gbà sẹ́yìn. Pickup ò mọ̀ pé ilé ni. Lójú tiẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì lẹ kó lé òun.

Ìyẹn ni pé ohun tí pickup lè fà lọ́tọ̀, ohun tó lè rù lọ́tọ̀. Èyí tó lè fà ni wọ́n ń pariwo rẹ̀ nínú ìpolówó. Èyí tó lè rù, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, lórí sítíkà kékeré kan tó ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ táyà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá iye báyìí. Payload ni wọ́n ń pè é. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀ tí n kò kà á rí.

Half-ton, èyí tí agbára rẹ̀ kéré sí ti three-quarter-ton àti one-ton, ni pickup mi nígbà náà. Ọmọkùnrin tó ta ilé náà fún wa dúró lẹ́nu ọ́fíìsì, ó wo ọkọ̀ mi lókèèrè, ó ní kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìn òun. Mo tún ṣe bí ọlọgbọ́n, mo wo ìwé ìpolówó: ìwúwo imú ilé náà lófìfo, èyí tí pickup máa rù, jẹ́ bíi 1,400 pọ́ùn. Mo wá lọ wo sítíkà mi: 1,560. Mo ní ó ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ bùṣe, mo fọwọ́ sí ìwé.

Lófìfo! Ta ló ń gbé inú ilé òfìfo?

Ìrìn àjò wa kejì, ojú ọ̀nà I-10, alẹ́ ti lẹ́. Mo rí i pé ọwọ́ ìdarí fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bíi pé táyà iwájú fẹ́ kúrò nílẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì wá ń ṣẹ́ iná sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní, "Bàbá mi, ṣé iná wa ló ń wọ̀ wọ́n lójú ni?" Mo yà sí ibùdó àwọn onítírélà kan, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìdí pickup ti jókòó bí àgbàlagbà tó ń kí ọba, imú rẹ̀ kọjú sókè, iná rẹ̀ ń wo ewé orí igi.

Òṣùwọ̀n CAT, tí wọ́n fi ń wọn tírélà, wà níbẹ̀. Owó tí kò tó 20 dọ́là ni mo san, wọ́n sì fún mi ní bébà kan. Mo ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí iwájú mọ́tò títí dòní: iwájú pickup, 3,140, ẹ̀yìn pickup, 4,960, táyà ilé, 7,200, àpapọ̀, 15,300. Mo dúró sídìí iná, mo ń ṣírò. Pickup nìkan ti gbé 8,100 dúró, nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò gbọdọ̀ kọjá 7,100. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, 4,100 ni wọ́n fún un, èmi fi 4,960 lé e. Mo tú ilé sílẹ̀, mo tún padà lọ wọn pickup pẹ̀lú èèyàn méjèèjì àti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀: 6,150. Ó já sí pé 1,950 ni imú ilé náà, kì í ṣe 1,400.

Ilé náà ò sì ṣẹ̀ mí o. Àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 9,150, abẹ́ 9,995 tí wọ́n kọ sí i lára ló wà, imú rẹ̀ sì jẹ́ bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Àwa la kó ẹrù. Ìrẹsì, gáàrí, epo pupa, odó, omi ogójì gálọ́ọ̀nù tó ju 300 pọ́ùn lọ. Èyí tó wá dùn mí jù: àpótí mẹ́ta aṣọ òkè àti léèsì tí ìyàwó mi ní òun ò lè fi sílẹ̀ ní Houston wà ní kọ́bọ́ọ̀dù iwájú, lókè imú gan-an. Gbogbo ohun tí ẹ bá kó síbẹ̀, pickup ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rù ú tán.

A rọra padà sílé. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún mo pààrọ̀ pickup náà, mo pàdánù bíi 11,000 dọ́là lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ò gbé fóònù mi mọ́.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo àwọn méjèèjì. Reflection tó tóbi ju tèmi lọ díẹ̀, tí ẹ bá ti kó ẹrù sí i tó di 11,000, imú rẹ̀ máa tó 2,300. Ẹ fi èèyàn méjì àti irin ìkọ́ tó so ilé mọ́ pickup kún un, ó ti sún mọ́ 2,900. Three-quarter-ton tó ń lo pẹtiróòlù sábà máa ń gbà á. Èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wa. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wúwo, inú payload ni ìwúwo yẹn ti ń jẹ, nítorí náà ẹ lè rí three-quarter-ton dísẹ́ẹ̀lì tó lágbára láti fa òkè, tí sítíkà rẹ̀ kò sì ju 2,200 lọ. Ó lè fà á dáadáa, kò kàn lè rù ú ni.

Solitude? Tí ẹ bá kó ẹrù sí i tó di 15,000, tí kò sì ṣòro rárá, imú rẹ̀ ti wọ 3,300. Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́dọ̀ one-ton oní-táyà-méjì-lẹ́yìn, ẹ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ dually, èyí tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn. Ẹ bi ara yín bóyá dually máa wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ó tún kù: ní Texas, tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára pickup àti ti ohun tó ń fà bá ju 26,000 lọ lápapọ̀, tí ohun tó ń fà yẹn fúnra rẹ̀ sì ju 10,000 lọ, Class A ni ìwé ìwakọ̀ tí òfin bèèrè, ì báà má jẹ́ ti iṣẹ́ ajé. Dually 14,000 pẹ̀lú Solitude 16,000, ẹ ṣe ìṣírò fúnra yín. Ẹ̀gbọ́n wa lọ kàwé, ó sì lọ fi ilé náà ṣe ìdánwò ní ẹni ọdún 58. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fà á kiri ni kò mọ̀ pé òfin yẹn wà.

Àwọn nǹkan yòókù

Ilé ìdáná: ti Solitude dára ju tèmi lọ, mi ò lè purọ́. Íǹṣì 101 ni gbogbo ilé náà fẹ̀, ti Reflection jẹ́ 96. Íǹṣì márùn-ún ò dà bí nǹkan lórí ìwé, àmọ́ nínú Solitude mo lè kọjá lẹ́yìn ẹni tó ń ro àmàlà láì fẹ̀gbẹ́ rìn.

Iyán: ẹ má gún un nínú ìkankan nínú wọn. Mo dán an wò nínú tèmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi inú ife ń jó, bàbá òyìnbó tó wà nílé kejì sì wá kan ilẹ̀kùn, ó bèèrè bóyá àlàáfíà ni. Ìta ni odó ń gbé.

Òtútù: abẹ́ àwọn méjèèjì ní ìbòrí, ooru sì ń lọ síbẹ̀. Okùn omi tó wà níta ló máa ń dì, ilé yòówù kí ẹ rà.

Gíga: Solitude lé ní ẹsẹ̀ bàtà 13. Ẹ kọ iye rẹ̀ gan-an mọ́ iwájú awakọ̀, kí ẹ sì máa wo afárá. Tèmi rẹlẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀ka igi nìkan ló máa ń bá mi jà.

Ìfọṣọ: àyè ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nínú Solitude. Nínú Reflection ó dá lórí irú èyí tí ẹ bá mú. Nọ́ọ̀sì tó bá ń fọ aṣọ iṣẹ́ lójoojúmọ́, kó bèèrè.

Ibi ìgbélésí: ọ̀pọ̀ àyè nínú páàkì ìjọba tó ti pẹ́ kò gba ohun tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ẹni tó jẹ́ páàkì aládàáni ló ń sanwó fún lóṣooṣù, kò kàn án.

Wọ́ráńtì: ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ tọdún tọdún, kí ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ sí ojú kan fún oṣù mẹ́jọ, mẹ́wàá, tí ẹ ní dually tẹ́lẹ̀ tàbí tí ẹ máa san fún ẹni tó máa bá yín fà á, Solitude ni ilé. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, mo sun inú rẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ ń fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá-mẹ́tàlá, tó máa kó ẹrù ní Corpus Christi lóṣù yìí tó sì máa wà ní Lubbock lóṣù kẹta sí i, tí ìyàwó rẹ̀ sì lè ní láti wa ọkọ̀ náà nígbà míì, Reflection ni kó wò. Owó tó máa ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ilé, kó fi ra pickup tó ga ju èyí tó rò pé òun nílò lọ ní ìpele kan. Kó sì lọ pẹ̀lú fọ́tò sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ nínú fóònù, kó fi han ẹni tó ń tà á, kó wo ojú rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń kà á.

Ìyàwó mi ka ohun tí mo kọ yìí tán. Ó ní kí n fi kún un pé Solitude ló wu òun, àti pé aṣọ òkè òun kì í ṣe 550 pọ́ùn. Mo ti fi kún un.