Tarot tàbí oracle: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó yín rà?

Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀: káàdì kì í ṣe Ifá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí Ifá sọ, Òkè Ìtasẹ̀ kò jìnnà, àwọn babaláwo tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ odù 256 sì wà. Káàdì tí mò ń sọ jẹ́ àwòrán tí èèyàn ń ṣí láàárọ̀ tàbí lálẹ́, tó ń wò, tó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Kí ló ń dùn mí gan-an?" Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà: tarot àti oracle. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tarot

Káàdì 78 ló ń wà nínú rẹ̀. 22 jẹ́ káàdì ńlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. 56 yòókù pín sí ìdílé mẹ́rin: ọ̀pá, ife, idà àti owó, káàdì 14 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Eré ni wọ́n ń fi í ṣe ní àríwá Ítálì láyé àtijọ́. Ó ti kọjá ọdún 1700 dáadáa kí àwọn ará Faransé tó sọ ọ́ di ohun àyẹ̀wò.

Bí ẹ bá fẹ́ tarot, èyí tí Pamela Colman Smith yà fún Arthur Edward Waite, tó jáde ní London lọ́dún 1909, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Rider-Waite-Smith ni wọ́n ń pè é. Nínú tarot Marseille, irú èyí tí àwọn ará Faransé ti ń lò ṣáájú rẹ̀, ife márùn-ún lásán ni ẹ máa rí lórí káàdì Ife Márùn-ún. Smith ya èèyàn sí i.

Lọ́dún tí mo ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pa ní Lágere, káàdì yẹn gan-an ni mo ṣí. Ẹnì kan da aṣọ dúdú bora, ó sorí kọ́, ó ń wo ife mẹ́ta tó ti dànù níwájú rẹ̀. Méjì ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò wò wọ́n. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò, mo kọ ohun tó kù fún mi sílẹ̀: maṣíìnì mi, àti àwọn oníbàárà mẹ́fà tó ń wá mi dé ilé. Káàdì náà kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Èmi ni mo sọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn tarot jù.

Oracle

Oracle kò ní iye kan pàtó: òmíràn 36, òmíràn 44, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wu ẹni tó ṣe é ló yà sí i, ó sì sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí i, bí "Sinmi" tàbí "Dárí jì í". Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí kò lágbára láti kọ́ nǹkan tuntun, oracle ló yẹ ẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ìmọ̀ rẹ̀ kì í sì í tẹ̀ lé yín dé orí oracle mìíràn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ tarot kan lè mú òmíràn, kó sì mọ ibi tó wà.

Àwọn ará ilé ńkọ́?

Káàdì 13 nínú tarot ni Ikú, egungun èèyàn lórí ẹṣin funfun. Káàdì 15 ni Bìlísì (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní Èṣù, Èṣù tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀). Ẹ wo ẹ̀yìn Ikú dáadáa, oòrùn wà láàrin ilé ìṣọ́ méjì níbẹ̀; òpin nǹkan kan ni mo máa ń kà á sí. Ṣùgbọ́n tí ìyá ọkọ yín bá rí i lórí tábìlì, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní OAU, àlàyé yín á pọ̀. Oracle kì í sábà ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Wọ́n ti ta ayédèrú fún mi rí: páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ tó ti ṣá, kò sí ìwé àlàyé, àfi àmì kan tí wọ́n ní kí n fi fóònù yà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣe fídíò níbi tó ti ń ka káàdì náà níkọ̀ọ̀kan. Fún oracle, bí ìwé rẹ̀ kò bá sí, ẹ má rà á. Ẹ wọn ọwọ́ yín pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ tarot fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, ó gùn tó 12, ó sì ṣòro fún ọwọ́ kékeré láti dà pọ̀.

Tí owó kò bá tó, tàbí tí kò dá yín lójú pé ẹ ó máa lò ó, káàdì eré 52 lásán tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọkàn pupa dúró fún ife, spade fún idà, diamond fún owó, club fún ọ̀pá. Kò ní káàdì ẹlẹ́ṣin tó wà nínú ìdílé tarot kọ̀ọ̀kan, kò ní káàdì ńlá 22, àwòrán rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ rà á pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé kan, kí ẹ máa ṣí ẹyọ kan lálẹ́ fún oṣù kan, kí ẹ sì máa kọ déètì sí ohun tí ẹ bá kọ. Bí ìwé yẹn bá kún, ẹ wá ra Smith.