Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo fi kọ́ṣẹ́ OT (occupational therapy, iṣẹ́ kíkọ́ aláìsàn kó lè tún máa dá nǹkan ojoojúmọ́ ṣe) nílé ìwòsàn kan ní Ìjẹ̀bú

Ọjọ́ kẹrin tí mo débẹ̀ ni màdáámù tó ń bójú tó wa já ewùrà gbà lọ́wọ́ mi níwájú aláìsàn. Wọ́n ní, "Ta ló ni ọwọ́ tó rọ? Ṣé ìwọ ni?" Gbogbo yàrá dákẹ́ lọ gbári. Ojú tì mí débi pé mo jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé, mo sunkún, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fa fóònù yọ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà kò ju ìlà méjì lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ OT kankan má ṣe gbà kí wọ́n pín òun síbẹ̀. Mo ti pa ìlà méjèèjì rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Màmá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni aláìsàn náà, rọpárọsẹ̀ ló mú wọn lápá ọ̀tún. Oúnjẹ ni wọ́n ń sè tà kí àìsàn tó dé. Nígbà tí màdáámù bi wọ́n pé kí ló wù wọ́n jù láti tún lè ṣe, Màmá ò dárúkọ ìrìn, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n dárúkọ. Wọ́n ní ìyàwó ọmọ àwọn ló ń rin ewùrà báyìí, kì í sì í kúná. Bí màdáámù ṣe fún mi lówó ara wọn nìyẹn, tí wọ́n ní kí n lọ ra ewùrà wá lọ́jà.

A fi okùn de páànù ìrin mọ́ etí tábìlì kó má baà yẹ̀. A tẹ́ táwẹ́lì tó tutù sábẹ́ abọ́. Màdáámù gbé ọwọ́ ọ̀tún Màmá lé etí abọ́ náà, wọ́n ní kí Màmá fara ti ọwọ́ yẹn dáadáa kó lè máa di abọ́ mú, kí ọwọ́ òsì máa rin iṣu. Ẹ mọ bí ewùrà ṣe máa ń yọ̀. Ó bọ́ lọ́wọ́ Màmá, mo gbé e fún wọn. Ó tún bọ́. Òógùn ti bo gbogbo iwájú orí wọn. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í dúró kó máa wo àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ n bá yín rin ín," mo gbà á, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni màdáámù já a gbà. Wọ́n tún fi kún un pé, "Bó o bá rin ín tán lónìí, ṣé wàá máa tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ rin ín ni?"

Nígbà tí mo padà wọlé, ewùrà yẹn ti kù bí àtàǹpàkò. Omi rẹ̀ ti dé ọrùn ọwọ́ Màmá, ó ń yún wọn, wọ́n ń nù ún mọ́ ìró, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà létí abọ́, kò kúrò. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó, ó kúná àbí kò kúná?" Kókó díẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó kúná.

Màdáámù ò bẹ̀ mí. Nírọ̀lẹ́, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n kọ ìdí tí ọwọ́ mi fi yá ju ti aláìsàn lọ sínú logbook, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ àti wákàtí wa sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Mo ṣì gbà pé kò yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lójú Màmá. Wọn ì bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn, mo máa ń rántí abọ́ yẹn.

Lọ́wọ́ màdáámù náà ni mo ti rí bí Bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ mú ṣe kọ́ bí wọ́n á ṣe máa dá agbádá wọ̀, torí wọ́n fẹ́ bá ẹgbẹ́ wọn jáde ní Ojúde Ọba, wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ wọ aṣọ fún àwọn lójú ayé. Ọwọ́ tó rọ ló kọ́kọ́ ń wọ apá aṣọ. Bí a bá ń bọ́ ọ, òun ló ń kẹ́yìn. Mo ti kà á nínú ìwé tipẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí aṣọ há sí èjìká, tí Bàbá dákẹ́, tí wọ́n mí kanlẹ̀, tí wọ́n sì tún un ṣe láìké pe ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ ibẹ̀, inú sì ń bí mi títí di òní. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n kó fún màdáámù nìkan ṣoṣo. Ní wọ́ọ̀dù, "àwọn ọmọ fisió" ni wọ́n ń pè wá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ni fisió (physiotherapy), bí kẹ̀kẹ́ aláìsàn bá sì wà láti tì, àwa ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, màdáámù lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ márùn-ún. Wọn ò fi ẹnì kankan rọ́pò wọn. A ń dé ní aago mẹ́jọ lójoojúmọ́, a ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wa.

WFOT, ẹgbẹ́ OT àgbáyé, ti là á sílẹ̀ pé iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe lábẹ́ alábòójútó kó tó jáde kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 1,000. 320 ló yẹ kí n kó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé logbook lọ sí ọ́fíìsì fún òǹtẹ̀, akọ̀wé ní 280 ni òun rí. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ tí òǹtẹ̀ wà ò sí nílé. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń jẹun, mo dúró, ó jẹun tán, ó tẹ òǹtẹ̀ lé 280, ó sì ní, "Ọ̀sẹ̀ yẹn ò sí lákọsílẹ̀, ẹ lọ bá yunifásítì yín sọ ọ́." Kò wò mí lójú. Lóòótọ́, wákàtí tí a kò ní alábòójútó kò ṣeé kà, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó wá alábòójútó fún wa? Wákàtí 40 ni mo máa tún lọ ṣe níbòmíràn, lówó ọkọ̀ mi àti lówó yàrá mi.

Màdáámù rí mi ní géètì lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Wọ́n gba logbook náà, wọ́n ṣí i sí ojú ewé ewùrà, wọ́n kà á, wọ́n sì dá a padà fún mi. Wọ́n ní Màmá Ìjẹ̀bú-Igbó ní kí wọ́n kí mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Àbúrò mi náà ń kọ́ OT, mo sì ti sọ fún un pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ibẹ̀ ni kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín òun sí.