Kókó àyípo, gíláàsì àfọwọ́kàn àti áàpù: èwo ni kí ẹ rà?

Sítóòfù oníná, microwave, ẹ̀rọ ìfọṣọ: bí ẹni tó fẹ́ rà wọ́n bá dé iwájú àtẹ, bí iná rẹ̀ ṣe lágbára tó àti bó ṣe fẹ̀ tó ló máa ń bèèrè. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò máa wà lójoojúmọ́, ìyẹn kókó, gíláàsì tàbí áàpù tí yóò fi máa darí ẹ̀rọ náà, kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú máa ń ti wá tó bá yá.

Nígbà tí ìkòkò bá ń hó ru

Lórí sítóòfù tó ní kókó àyípo, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, iná ti rẹlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ gíláàsì àfọwọ́kàn, ẹ ó kọ́kọ́ yan ojú iná tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ẹ tó máa tẹ àmì ìyọkúrò láti 9 wá sí 3. Ìgbà méje lẹ fọwọ́ kàn án yẹn, ìkòkò ò sì dúró dè yín.

Ó tún kù. Gíláàsì yìí kò mọ̀ pé ẹnì kan tẹ òun. Ìyípadà tí ìka ń mú bá iná mànàmáná tín-ín-rín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Omi náà lè mú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ wá. Bí omi ọbẹ̀ bá dà sórí àwọn àmì náà, sítóòfù lè rò pé ọwọ́ ni, yóò ké píì-píì, yóò sì pa ara rẹ̀. Ìka tí omi pa ń dà á láàmú, ìbọ̀wọ́ tó nípọn kò jẹ́ kó rí ìka rárá. Ẹni tí kò ríran dáadáa kò ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tọ pinpin níbẹ̀, àfi kó lẹ nǹkan tó yọrí mọ́ ọn.

Àǹfààní rẹ̀ kan ò ṣeé jiyàn: ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ́. Kókó àyípo ń kó ọ̀rá sábẹ́.

Kókó ju kókó lọ

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó ń yí ló dára. Èyí tó ní ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìparí, tí àmì sì wà lára rẹ̀, ọwọ́ lásán lè sọ ibi tó wà fún yín. Èyí tó ń yí lọ láìlópin kàn ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ni. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú rẹ̀, nọ́ńbà á máa fò láti 4 sí 7, á tún padà sí 5.

Ti microwave oníkókó dára fún ìṣẹ́jú 5 tàbí 10. Kò dára fún ìṣẹ́jú àáyá 20, torí àlàfo kékeré báyìí ni ìṣẹ́jú kan gbà lójú rẹ̀.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni ihò kókó náà, níbi tí ọ̀pá ti wọ inú rẹ̀. Bí ike ibẹ̀ bá là, kókó á máa yí lásán. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kàn fà á síta gbọọrọ ni, kí ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó bóyá wọ́n ń ta kókó lọ́tọ̀.

Bọ́tìnnì ọlọ́rá pẹlẹbẹ

Ọ̀rá (ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) méjì ni, tí wọ́n fi tàdáwà tó ń gbé iná ya ìlà sí lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fara kanra. Ó ń gbọ́ ìka tí omi pa. Bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ là, torí òun ni wọ́n ń tẹ̀ jù. Odidi pátákó ni ẹ ó sì pààrọ̀.

Áàpù

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ áàpù orí fóònù lẹ ó fi darí wọn, nípasẹ̀ Wi-Fi. Ìgbì 2.4 GHz àti 5 GHz wà lára èyí tí Wi-Fi ń lò, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé kò sì mọ̀ ju ti 2.4 GHz lọ. Bí fóònù yín bá wà lórí 5 GHz, ìsopọ̀ lè kùnà láìsọ ìdí. Èyí ṣì kéré. Ẹ̀rọ Revolv, tí wọ́n fi ń darí nǹkan inú ilé, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní oṣù Karùn-ún 2016, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ni ín ti iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbára lé pa. Owó ti lọ, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, kò sì wúlò. Ẹ má ra ohunkóhun tí kò ní bọ́tìnnì kan lára tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ pàtàkì láìsí fóònù.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì àfọwọ́kàn dé inú ọkọ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìròyìn Vi Bilägare ní Sweden dán an wò lọ́dún 2022: lórí eré 110 km/h, iṣẹ́ mẹ́rin gba ìṣẹ́jú àáyá 10 nínú Volvo V70 ti ọdún 2005 tó kún fún bọ́tìnnì, nínú MG Marvel R tó jẹ́ ojú gíláàsì, 44.9 ni.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ fi omi pa ìka, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ dijú, kí ẹ gbìyànjú láti pa á. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó tẹ microwave kó tó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ju mẹ́ta lọ, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ padà so ó mọ́ iná: àwọn kan kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá tún aago wọn ṣe, ohun tí yóò sì máa ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ nìyẹn. Bí kò bá sí àyè láti tan án, ẹ wá ìwé ìlò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ojú ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ń pa ariwo píì-píì rẹ̀. Àwọn kan kò ní irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá.