Àgbéyẹ̀wò This Country: àwọn ọ̀dọ́ abúlé tí BBC Three gbé síwájú kámẹ́rà

Eré apanilẹ́rìn-ín tó wù mí jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n yà bí ẹni ń ya dọkumẹ́ńtárì ni This Country. Mo ti wò ó tán lórí BBC iPlayer, mo sì ti tún àwọn apá kan wò. Ó wù mí kí àwa Yorùbá tí a ń gbé ní àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò ó.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, Daisy May Cooper àti Charlie Cooper, ni wọ́n jọ kọ ọ́. Àwọn náà ni wọ́n ṣe Kerry àti Kurtan Mucklowe, ìbátan méjì tí kò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí kò sì síbi tí wọ́n ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó parí ní 2020. Northleach ní Cotswolds ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Àgbègbè yìí ni àwọn arìnrìn-àjò máa ń lọ láti wo ilé olókùúta àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ayé ń sú níbẹ̀ ni kámẹ́rà dojú kọ.

Nǹkan kékeré ni wọ́n fi ń dá gbogbo ìjà sílẹ̀. Kerry àti Kurtan jà gan-an lórí ta ni yóò gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí pẹpẹ òkè nínú oven. Kurtan gbé ìdíje ère aṣọ́komásùn, èyí tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ lóko, karí bí ẹni tó ń du ipò gómìnà. Kò sí ariwo ẹ̀rín àtọwọ́dá kankan lẹ́yìn. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán, kámẹ́rà á ṣì dúró tì í, títí tí ojú rẹ̀ á fi sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ Kerry àti bàbá rẹ̀ ló gbá mi láyà jù. Ìyá rẹ̀, a kì í rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ tó ń pariwo láti òkè ilé. Martin, bàbá rẹ̀, ń gbé nítòsí, ṣùgbọ́n kò ka ọmọ náà sí. Síbẹ̀, bí Kerry bá ti dárúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á tàn. Ní sáà kejì, Martin kó o sínú ọ̀ràn ọjà jíjí, ọmọ náà sì gba ẹ̀bi náà rù. Mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́ níbẹ̀. Paul Cooper, bàbá tó bí àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì gan-an, ló ṣe Martin, ó sì ṣe é dáadáa débi pé inú bí mi sí i.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ á mọ àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń jókòó síbi ìdúró bọ́ọ̀sì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. A máa ń rò pé ẹni tí wọ́n bá bí síbí ti rí ọ̀nà lọ. Eré yìí jẹ́ kí n rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: ìlú Swindon tí kò jìnnà rárá dà bí òkè òkun lójú Kurtan. Ó ṣì dùn mọ́ mi pé eré náà kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àlùfáà abúlé náà, tí Paul Chahidi ṣe, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn sú òun, ó ń fi sùúrù tẹ̀ lé wọn kiri.

Ní 2018, This Country gba méjì nínú àmì-ẹ̀yẹ BAFTA, tí wọ́n ń fún àwọn eré tẹlifíṣọ̀n ní Britain, ọ̀kan fún eré náà, ọ̀kan fún Daisy May. Aṣọ tí wọ́n fi jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Swindon Town rán ni Daisy May wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ náà. Inú mi dùn sí i.

Èdè wọn le létí níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán. Èébú pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ má wò ó pẹ̀lú ọmọdé. Ẹ má sì fi sáà kẹta bẹ̀rẹ̀. Michael Sleggs, tó ṣe Slugs, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà, kú ní 2019 kí sáà náà tó jáde, ẹni tí kò bá sì mọ Slugs tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ohun tí wọ́n pàdánù.