Láàbù tó mọ̀ pé kìnnìún kì í ṣe ológìnní ilé

Kẹ́nikẹ́ni tó bi mí, ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún, ẹyọ kan tó kù yẹn ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yọ ọ́, màá ṣàlàyé tí mo bá débẹ̀. Iṣẹ́ mi ni títọ́jú àwọn ẹranko ńlá tó wà nínú àgò, kìnnìún mẹ́ta àti táígà méjì (mi ò pè é ní ẹkùn o, kẹ́nì kan má lọ rò pé àmọ̀tẹ́kùn ni mò ń sọ), láàbù tá a ti ń fi ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Láàbù tá a kọ́kọ́ lò kó tó kan wọn, ẹ má bi mí lórúkọ wọn jàre. A fi ẹ̀jẹ̀ akọ táígà wa ránṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń jẹun dáadáa, tára ẹ̀ ń dán gbinrin, rìsọ́ọ̀tì dé, wọ́n fi pupa kọ H gàdàgbà, pé ó ga jù, síwájú creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, 2.9. Àyà gbogbo wa já. Ọ̀gá mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó ti ń sọ pé ká dín ẹran rẹ̀ kù, pé kíndìnrín ti ń lọ nìyẹn. Ìgbà tí dókítà ẹranko wa gba ìwé yẹn ló ní ká wo ìsàlẹ̀, nọ́ńbà ológìnní ilé ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀! Ológìnní tó ń sùn lórí àga ni wọ́n fi wé ẹranko tó wúwo ju èèyàn méjì lọ. Inú ẹran ara ni creatinine ti ń wá, ẹranko tí ẹran ara rẹ̀ bá ki tiẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti ológìnní lọ, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀.

Ibi tá a wà báyìí, orí fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti máa da ìbéèrè bò ẹ́. Irú ẹranko wo, ọmọ ọdún mélòó, akọ àbí abo, ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn, ṣé ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀, oògùn wo lẹ lò. Mo kọ́kọ́ rò pé àtojúbọ̀ ni, àṣé ó nídìí. Oògùn oorun bíi medetomidine máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ìbẹ̀rù lásán pàápàá ń gbé e sókè lára ìdílé ológìnní, tẹ́ ẹ bá lé kìnnìún kiri inú àgò kẹ́ ẹ tó rí i gún, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àtọ̀gbẹ tí kò sí níbẹ̀ rárá. Tí wọ́n bá rí i pé ṣúgà ga, fructosamine ni wọ́n máa ń ní ká ṣe kún un, ìyẹn ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì wá, kò ka ìbẹ̀rù ìṣẹ́jú márùn-ún sí. Nọ́ńbà táwọn ọgbà ẹranko káàkiri ayé ń kó jọ sínú ZIMS, àkójọ orí kọ̀ǹpútà ti àjọ Species360, ni wọ́n sì fi ń wé e, kìnnìún pẹ̀lú kìnnìún, táígà pẹ̀lú táígà.

Ọjọ́ tí mo gbà fún wọn pátápátá, fóònù ni wọ́n pè mí, obìnrin kan ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kìnnìún yín yẹn ṣì wà láàyè?" Mo ní ó ń jẹ egungun níwájú mi báyìí. Ó ní potassium inú ẹ̀jẹ̀ tóun rí yìí ti ga jù, ọkàn kankan ò lè máa lù pẹ̀lú ẹ̀, calcium sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ó ní ta ló da ẹ̀jẹ̀ túùbù tó ní ìdérí àlùkò sínú èyí tó ní ìdérí pupa? Mo yíjú wo ọmọ tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ó ń wolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú túùbù pupa ni ò tó, ló bá rọra bu díẹ̀ kún un láti inú ìkejì. EDTA, kẹ́míkà tó wà nínú túùbù àlùkò yẹn, potassium wà lára ẹ̀, ó sì máa ń gbá calcium mú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í dì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ti àkọ́kọ́ ni, wọ́n á kàn kọ H pupa síwájú ẹ̀ ni wọ́n á fi ránṣẹ́.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn mí jù ni ti Ìyá Àgbà, abo kìnnìún wa tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ń rù, ó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ṣe tẹ́ẹ̀sì, creatinine ẹ̀ ò ga, ọ̀gá mi ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ rìsọ́ọ̀tì pé ká má tíì yọ̀. Creatinine kì í sáábà ga títí kíndìnrín fi máa bàjẹ́ tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, arúgbó tí ẹran ara ẹ̀ sì ti ń tán, tiẹ̀ tún máa ń wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Creatinine tó dẹ́rù bà wá lásán lọ́jọ́sí náà ló tún fẹ́ fi wá lọ́kàn balẹ̀ lásán. SDMA, tẹ́ẹ̀sì kíndìnrín mìíràn, ni wọ́n ní ká ṣe, ìyẹn ò ka ẹran ara sí, ó sì máa ń tètè ta èèyàn lólobó, wọ́n ní ká bá wọn wá ìtọ̀ ẹ̀ náà. Mo fi sìrínjì fa ìtọ̀ nílẹ̀ sìmẹ́ǹtì láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. SDMA ga, ìtọ̀ ẹ̀ ò sì ki, bí omi lásán ló rí. Kíndìnrín ni lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la wá ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ báyìí láìsí abẹ́rẹ́ oorun, nítorí oògùn oorun yẹn fúnra ẹ̀ ò dáa fún kíndìnrín tó ti rẹ̀. Oṣù márùn-ún gbáko la fi kọ́ ọ. Á fara ti irin, á na ìrù gba ihò kékeré jáde, ẹnì kan á máa fi ọ̀pá gbé ẹran fún un níwájú, èmi á di ìrù mú lẹ́yìn, dókítà á fá irun díẹ̀, á nu ún, á wá iṣan ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti gbọn ìrù lẹ́ẹ̀kan, a ti dúró nìyẹn, a kì í fi ipá mú un.

Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ò kúkú mọ gbogbo nǹkan o. Ọmọ kìnnìún tí wọ́n ń fún ní ẹran láìfi egungun sí i, calcium inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè pé pérépéré, torí inú egungun ara ẹ̀ ló ti ń yá a, x-ray ló máa tú u fó. Platelet náà, àwọn ohun kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì, ti ìdílé ológìnní máa ń so mọ́ra wọn, ẹ̀rọ á kà á kéré, àfi kẹ́nì kan fojú wò ó lábẹ́ maikirosikópù, àwọn wọ̀nyí sì máa ń wò ó.

Ó wá ku ìràwọ̀ kan yẹn. Àwọn náà ló ń tẹnu mọ́ ọn pé nọ́ńbà tẹ́ranko ní lọ́dún tó kọjá ló ṣe pàtàkì jù, síbẹ̀ rìsọ́ọ̀tì wọn, ọjọ́ kan péré ló ń wà lójú ìwé kan, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ rí ti ìsinsìnyí àti ti tẹ́lẹ̀ pa pọ̀. Èmi ni mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé ọmọ iléèwé, mò ń fi bírò kọ ọ́ sí i, creatinine, SDMA, ìwọ̀n ara, omi tó mu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin yẹn tún pè mí, wọ́n fẹ́ wo bí Ìyá Àgbà ṣe ń ṣe sí láti ọdún tó kọjá, ó ní kí n jọ̀ọ́ ya fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sáwọn.