Unreal, Unity tàbí Godot: Kí Ni Ẹni Tó Ni Ẹ́ńjìnnì Géèmù Tún Ń Tà?

Ẹni tó bá fẹ́ yan ẹ́ńjìnnì, ìyẹn sọ́fítíwíà tí yóò fi ṣe géèmù, sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á àti bí àwòrán rẹ̀ ṣe dán tó. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú méjèèjì: yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì yìí, ọjà wo ni ilé-iṣẹ́ náà tún ń tà, ṣé ọjà ọ̀hún kò sì ní máa bá tìrẹ du oníbàárà?

Lọ́dọ̀ Unreal ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, nítorí Epic Games tó ni ín náà ló ni géèmù Fortnite. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, géèmù PUBG, tí ilé-iṣẹ́ Bluehole ní Gúúsù Kòríà fi Unreal Engine 4 ṣe, bọ́ sọ́jà. Nínú rẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òṣèré á bọ́ láti inú bàálù sí orí erékùṣù kan, wọ́n á sì máa para wọn títí yóò fi ku ẹyọ ẹnì kan. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Epic gbé irú eré kan náà jáde nínú Fortnite, lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí PUBG ṣì ń gbowó. Bluehole sọ ní gbangba pé ọkàn àwọn kò balẹ̀, nítorí ẹni tí àwọn ń san ìpín owó fún, tí àwọn sì gbójú lé fún ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ́ńjìnnì, ti di olùdíje àwọn. Wọ́n pe Epic lẹ́jọ́ ní 2018, wọ́n sì fa ẹjọ́ náà yọ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Silicon Knights, ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Kánádà, ti pe Epic lẹ́jọ́ ní 2007, wọ́n ní ó gba owó àwọn, ó sì ń fi iṣẹ́ tó dára jù pa mọ́ fún Gears of War, géèmù tirẹ̀. Wọ́n jẹ̀bi ní 2012, ìgbìmọ̀ adájọ́ sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 4.45 dọ́là fún Epic. Ó yẹ kí olùrà fi èyí sọ́kàn: ó rọrùn láti fura, ṣùgbọ́n ó ṣòro púpọ̀ láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́.

Lónìí, Epic ń jẹ́ kí àwọn tó gba àṣẹ rí kóòdù Unreal, èyí sì dín gbígbójú lé ojú rere rẹ̀ kù. Ìdá 5 nínú 100 ló ń gbà lẹ́yìn tí géèmù bá ti pa ju mílíọ̀nù 1 dọ́là lọ. Bí o bá gbé géèmù náà sí ilé ìtajà Epic lọ́jọ́ kan náà tí o gbé e sí ibòmíràn, ó lè dín sí 3.5, ẹ̀dínwó gidi ni, ó sì tún jẹ́ okùn mìíràn tó so ọ́ mọ́ ọn.

Unity kì í ṣe géèmù tó ń bá ti àwọn oníbàárà rẹ̀ du ọjà. Ìpolówó inú géèmù ni ó ń tà, pàápàá lẹ́yìn tó da pọ̀ mọ́ ironSource, ilé-iṣẹ́ ìpolówó, ní 2022. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ó kéde pé òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí àwọn ènìyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ wọn, títí kan géèmù tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀, ó sì ní àwọn tó bá ń lo iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn, títí kan ti ìpolówó, lè rí ẹ̀dínwó gbà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ méjì ti forí gbárí. Wọ́n fagi lé owó náà ní 2024.

Godot kò gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí o bá tà, kò sì sí ẹni tó lè yí àṣẹ MIT (àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lo kóòdù rẹ̀) tí o ti gbà padà. Àmọ́ láti gbé géèmù lọ sórí PlayStation tàbí Switch, o lè nílò ilé-iṣẹ́ bíi W4 Games, tí àwọn kan lára aṣáájú Godot dá sílẹ̀. Bèèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ wọn.

Bí Unreal bá wù ọ́, tí géèmù rẹ sì jọ Fortnite, má fi géèmù tí kò tíì jáde ránṣẹ́ sí Epic fún ìrànlọ́wọ́ láìsí àdéhùn àṣírí tí a kọ sílẹ̀, tó sọ ẹni tó lè rí i. Bí ó bá jẹ́ Unity, tọ́jú ẹ̀dà ìwé àdéhùn tó bá ẹ̀yà tí o ń lò mu.