Anime Tó Ń Rìn Jẹ́jẹ́ fún Àgbàlagbà: Mushishi, Monster, Planetes àti Rakugo, Èwo Lẹ Máa Ra?

Ẹni tó ń wá ìjà àti ariwo nínú anime, eré àwòrán ilẹ̀ Japan, kò ní wá a tì. Ọjà kún fún un. Ẹni tó ń wá eré tó fara balẹ̀, tó ń mú èèyàn ronú, ni owó rẹ̀ máa ń ṣòfò jù, torí pé ohun tó fẹ́ rà kì í hàn lára páálí. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń rà. Ó ń rà ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí kò tètè dáhùn, àti òjò tó ń rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Bí ohùn bá burú tàbí tí àwòrán bá fọ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn á di òfìfo, oorun á sì gbé yín lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé eré àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà wò ó yẹ̀ wò pa pọ̀.

Mẹ́rin la gbé kalẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe gbogbo wọn fún. Pé wọ́n yà á ní àwòrán kò sọ ọ́ di ti ọmọdé, pàápàá Monster, tí ìpànìyàn pọ̀ nínú rẹ̀.

Mushishi tàbí Monster

Àwọn méjì yìí ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá.

Ilé iṣẹ́ Artland ló ṣe Mushishi ní 2005, Hiroshi Nagahama ló darí rẹ̀, inú ìwé àwòrán Yuki Urushibara ló ti wá. Apá 26 ni sáà kìíní; sáà kejì dé ní 2014. Ginko, alárìnkiri onírun funfun kan, ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń tọ́jú àìsàn tí àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tí wọ́n ń pè ní mushi máa ń fà. Àwọn mushi wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n ń jẹun tiwọn ni, èèyàn ló bọ́ sí wọn lọ́nà. Kò sí ọ̀daràn tí a ń lé, apá kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìtàn tó dá dúró. Ẹ lè wo ọ̀kan lálẹ́ òní, kí ẹ wo òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò ní pàdánù nǹkan kan.

Apá kẹta ló dáa jù láti fi mọ̀ bóyá ó bá yín lára mu. Abúlé kan wà nínú yìnyín, àwọn ará ibẹ̀ ń di adití nítorí mushi tó ń jẹ ìró ti wọ etí wọn. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Maho ní tirẹ̀ hu ìwo, ariwo sì ń dà bò ó tí kò jẹ́ kó sinmi. Inú ara èèyàn fúnra rẹ̀ ni ìwòsàn ti wá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí yín méjèèjì nísinsìnyí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìró tó ń kùn nísàlẹ̀, bí àrá tó jìnnà, ìró ẹran ara yín tó ń ṣiṣẹ́ ni. Orí ìró kékeré yẹn ni gbogbo apá náà dúró lé. Ẹni tó bá fi ohùn fóònù lásán wò ó, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé, yìnyín nìkan ló wò.

Monster ní tirẹ̀, ìtàn kan ṣoṣo ni, apá 74, láti 2004 di 2005. Madhouse ló ṣe é, Masayuki Kojima ló darí rẹ̀, Naoki Urasawa ló ni ìwé. Kenzo Tenma jẹ́ dókítà ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Düsseldorf, ní Jámánì. Wọ́n ní kó fi ọmọdé tí wọ́n yìnbọn lù lórí sílẹ̀, kó lọ tọ́jú olórí ìlú. Ó kọ̀, ó gba ẹ̀mí ọmọ náà là. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọmọ yẹn ló ń pa èèyàn kiri. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé gbogbo ẹ̀mí ló dọ́gba lóòótọ́, kódà ẹ̀mí ẹni yìí?

Ìṣòro Monster wà láàárín rẹ̀. Bí ìtàn bá dé Munich, wọ́n á fi Tenma sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á máa tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́, olówó afọ́jú àti ọ̀mùtí tó ń ṣe ìwádìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ má sọ̀kalẹ̀, àwọn ènìyàn yẹn wúlò fún ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ púpọ̀ kọjá láàárín apá méjì, orúkọ á dàrú mọ́ yín lójú. Apá méjì lálẹ́ ló rọrùn jù: ọjọ́ 37, ó tán.

Ẹni tí iṣẹ́ ń jẹ gbogbo ọjọ́ rẹ̀, tí kò mọ ìgbà tí yóò tún jókòó, kó ra Mushishi. Ẹni tó lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lálaalẹ́ fún oṣù kan ni Monster yẹ fún.

Planetes

Apá 26, 2003 di 2004, Sunrise ló ṣe é, Goro Taniguchi ló darí rẹ̀. Ọdún 2075 ni ìtàn náà, àwọn tó ń kó pàǹtírí nínú gbalasa òfuurufú ló sì dá lé. Nọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń yí ayé po lè máa sáré tó kìlómítà 7 sí 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú rẹ̀ ló ba ọkọ̀ èrò jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ eré, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì kú sí i. Nínú òfuurufú tí wọ́n yà, ohunkóhun kì í dún, bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fẹ̀ ọ́fíìsì, ọ̀gá tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀, owó ẹ̀ka tí kò tó. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dá a lẹ́jọ́ á ṣe àṣìṣe. Nígbà tó bá kọjá ìdajì, ọ̀rọ̀ á yí sí orílẹ̀-èdè tó lówó àti èyí tí kò ní, àti ta ni òfuurufú jẹ́ tirẹ̀. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára, tí kíka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ bá ń rẹ̀ yín. Bandai Entertainment tó kọ́kọ́ ta DVD rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dáwọ́ àwo tuntun dúró ní 2012, nítorí náà àlòkù lẹ máa rí nínú ìyẹn. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ẹ̀yìn àwo ní fọ́tò kí ẹ tó sanwó.

Shōwa Genroku Rakugo Shinjū

Èyí la fẹ́ràn jù, òun náà ló sì le jù láti wọlé sí. Studio Deen ṣe apá 13 ní 2016 àti 12 ní 2017, láti inú ìwé Haruko Kumota. Rakugo ni iṣẹ́ àwọn apàlọ́ ilẹ̀ Japan: ẹnì kan kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù, abẹ̀bẹ̀ àti aṣọ ìnujú nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń ṣe gbogbo èèyàn inú ìtàn. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó di ọkọ. Ó yí i sósì, ó di ìyàwó. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìyá àgbà kan ṣe ń dá ohùn Ìjàpá àti Yánníbo pọ̀ nínú àlọ́ á mọ ohun tí à ń sọ.

Eré náà kì í gé àlọ́ wọ̀nyí kúrú. Nínú apá kìíní, tó gùn tó ìlọ́po méjì àwọn yòókù, akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé sùn lọ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wà lórí ìtàgé, ó ń han-run, wọ́n sì lé e jáde. Ohùn Japan ni kí ẹ fi gbọ́ ọ. Akira Ishida ló ṣe ohùn ọ̀gá yìí láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé ọjọ́ ogbó, ogbó yẹn sì wà nínú ohùn gan-an. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ máa ń yára, fóònù kéré jù fún un. Ẹ lo tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ra ti 2017 láìra ti 2016.

Àwo tàbí íntánẹ́ẹ̀tì

Netflix fúnra rẹ̀ ní wákàtí kan lè jẹ tó 1GB tí àwòrán bá wà ní ìwọ̀n àárín, àti tó 3GB tó bá mọ́ kedere. Apá kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 24. Monster odidi wá jẹ́ wákàtí 30: 30GB ní ìwọ̀n àárín, 90GB ní kedere. Planetes ò ju bí 31GB ní kedere. Níbi tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró, ẹ gbà á sórí fóònù lóru kí ẹ tó wò ó. Kí ó máa dúró láti lọ́ọ̀dù láàárín ìdákẹ́jẹ́ Mushishi burú ju kí àwòrán ṣe bàìbàì lọ. Ẹ sì mọ̀ pé eré tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí lè kúrò níbẹ̀ lọ́la, èyí tó sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè má sí ní Èkó.

Àwo kì í sá lọ, ṣùgbọ́n ó ní agbègbè: ẹ̀rọ tí agbègbè rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwo lè kọ̀ ọ́. Fún DVD, Amẹ́ríkà jẹ́ 1, Ìlú Ọba àti Japan 2, Brazil àti Kúbà 4, Nàìjíríà, Benin àti Tógò 5. Fún Blu-ray, Amẹ́ríkà, Brazil, Kúbà àti Japan jẹ́ A. Ìlú Ọba àti gbogbo Áfíríkà jẹ́ B. Blu-ray tí ẹ̀gbọ́n yín rà ní Lọ́ńdọ̀nù á ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹ rà n'Ibadan. Èyí tó rà ní Houston lè kọ̀, àfi tí wọn ò bá ti agbègbè mọ́ ọn. Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wo DVD, ẹ ṣọ́ra: ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ yí agbègbè padà, èyí tó gbẹ̀yìn ló máa wà títí.

Ẹ ka iye apá tó wà lára páálí. Àkójọ kìíní Monster tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 2009 kò ní ju apá 15 lọ, àwọn kan sì ti rà á pé odidi ni. Ní òdìkejì, ẹni tó bá kó gbogbo 74 sínú DVD mẹ́ta ń ta ayédèrú. DVD onípele méjì kò gbà ju 8.5GB lọ, apá 25 nínú rẹ̀ túmọ̀ sí bí 340MB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán á sì fọ́ sí onígun mẹ́rin níbi tó bá ṣókùnkùn. Nínú kùrukùru Mushishi, ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ rí i.

Tí ẹ ò bá tíì fẹ́ náwó púpọ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo Haibane Renmei, ti 2002, láti ọwọ́ Yoshitoshi ABe. Apá 13 péré, wákàtí márùn-ún. Nínú apá kìíní, ìyẹ́ apá ń ya ẹ̀yìn ọmọbìnrin kan jáde tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé sì jókòó tì í lóru, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ìyẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá jókòó títí tí ó fi nù ún tán láìwo aago, ẹ lè lọ ra èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́rin yìí.